Lẹ́yìn Tí Àwọn Olùbánikẹ́dùn Bá Lọ Tán: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹbí, Ọ̀rẹ́ àti Aládùúgbò Ẹni Tí Ọgbẹ́ Ọkàn Ń Dà Láàmú

Bí àjálù bá já lu èèyàn, ilé rẹ̀ máa ń kún fọ́fọ́ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Fóònù ò ní sinmi, àwọn tí kò fojú kan ara wọn láti ọdún tó kọjá á pàdé lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ padà síbẹ̀ lóṣù kẹta kí ẹ wo iye tó kù. Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ àwọn tọ́rọ̀ kàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí ohun tí ìṣẹ̀lẹ̀ náà ṣe fún wọn: oorun ò wá mọ́, ariwo kékeré ń mú wọn ta gìrì, wọ́n ń sá fún ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà nítòsí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo kọ èyí fún, ẹbí ni yín o, ọ̀rẹ́ ni yín o, tàbí ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́. Kò dìgbà tí ẹ bá di dókítà kí ẹ tó lè ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí 70 nínú 100 èèyàn ni irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa bá pàdé nígbà ayé wọn, àmọ́ kò ju nǹkan bíi 6 nínú 100 lára wọn tó máa di àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní PTSD fún, ìyẹn ìdààmú ọkàn tí kì í lọ bọ̀rọ̀ lẹ́yìn ohun tó bani lẹ́rù. Kí ló wá ya àwọn tó bọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí kò bọ́? Lọ́dún 2000, Chris Brewin àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ lórí ìbéèrè yìí. Àìrí ẹni fẹ̀yìn tì lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà wà lára ohun tó lágbára jù lọ. Ó lágbára ju ọjọ́ orí, ìwé kíkà, tàbí bóyá ọkùnrin tàbí obìnrin lèèyàn jẹ́. Nítorí náà, ohun tí ẹ bá ṣe tàbí tí ẹ kọ̀ láti ṣe lóṣù mélòó kan sí i wà lára ìtọ́jú náà gan-an. Ẹ má kà á sí oore tí ẹ kàn ń bá a ṣe.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kọ́kọ́ mú ewu kúrò

Bí ẹni tó lù ú bá ṣì ń gbé inú ilé kan náà, bí omi bá ṣì ń ya wọ yàrá, bí kò bá mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ wà, ọ̀rọ̀ ìtùnú ò tíì kàn. Ìwé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2011 fáwọn tó ń ṣe ìrànwọ́ àkọ́kọ́ fún ọkàn to iṣẹ́ náà báyìí: ẹ wò, ẹ tẹ́tí, ẹ so ó mọ́ ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́. Wíwò ló ṣáájú. Ta ló fara pa? Ta ló ń gbọ̀n tí kò lè dá rìn? Ta ni kò ní aṣọ, tí kò mọ ibi tó máa sùn lálẹ́ òní, tí kò ní fóònù tó lè fi pe ẹbí rẹ̀?

Bó bá jẹ́ ìfipábánilòpọ̀ ni, kò sí àkókò láti fi ṣòfò. Oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 72, bó bá sì ṣe yá tó ló ṣe dáa tó. Oògùn pàjáwìrì tó ń dènà oyún ṣì lè ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ 5, àmọ́ òun náà ò fẹ́ ìdádúró. Bí ẹni náà bá ń rò ó pé òun máa gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá, kó má tíì wẹ̀, kó sì kó aṣọ tó wọ̀ sínú àpò bébà, kì í ṣe inú ọ̀rá. Bó bá ti wẹ̀ ńkọ́? Kó ṣì lọ sílé ìwòsàn. Ẹ sọ èyí fún un ní ṣókí, kí ẹ bi í bóyá ó fẹ́ kí ẹ sin òun lọ, kí ẹ sì jẹ́ kó jẹ́ òun ló máa pinnu. Wọ́n ti gba àṣẹ orí ara rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má gbà á lẹ́ẹ̀kejì.

Ní ti àwọn ọmọdé, ẹ má yà wọ́n kúrò lọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n mọ̀. Ẹ sọ òótọ́ fún wọn ní ọ̀rọ̀ tí ọjọ́ orí wọn lè gbé. Bí ọmọ tó ti jáwọ́ nínú títọ̀ sórí ibùsùn bá tún bẹ̀rẹ̀, tàbí tó ń fi ìṣẹ̀lẹ̀ náà ṣeré léraléra, ẹ má nà án, ẹ má sì fi ṣẹ̀sín. Bó ṣe ń jáde lára ọmọdé nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ má fipá mú un sọ ìtàn náà

Ibí yìí ni mo ti máa ń rí i tí àwọn èèyàn dáadáa ń ba nǹkan jẹ́. Àlejò kan wọlé: "Báwo ló tiẹ̀ ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an?" Ẹni tọ́rọ̀ kàn sọ ọ́. Kò tíì gbẹ́nu dúró tán tí ẹlòmíì fi kan ilẹ̀kùn, ó tún di àtúnsọ. Nígbà tílẹ̀ bá fi máa ṣú, ó ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn padà síbi tí ọkọ̀ ti gbókìtì ní ìgbà mẹ́jọ.

Àwọn kan rò pé bó bá ṣe ń tú u jáde ni ara á ṣe máa fúyẹ́. Lọ́dún 1983, Jeffrey Mitchell ní Amẹ́ríkà gbé ètò kan kalẹ̀ fáwọn panápaná àtàwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ pàjáwìrì: kí wọ́n jókòó pọ̀ láìpẹ́ sígbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀, kí kálukú sọ ohun tó rí àti bó ṣe rí lára rẹ̀. Irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ tàn kálẹ̀ ayé, wọ́n sì ń lò ó fún ẹnikẹ́ni tí àjálù bá dé bá. Nígbà táwọn olùṣèwádìí wá yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, wọ́n rí i pé ìjókòó ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yẹn kì í dènà PTSD. Àwọn kan tiẹ̀ burú sí i. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí wọ́n má lò ó fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ nínú ìṣẹ̀lẹ̀.

Mi ò wí pé kí ẹ pa á lẹ́nu mọ́ o. Bó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ gbọ́. Bí kò bá fẹ́, ẹ jókòó tì í. Ohun tó ṣòro ni bí ẹ ṣe máa dá àwọn àlejò dúró, ẹ sì lè ṣe é báyìí: ẹ yan ẹnì kan tó máa wà lẹ́nu ọ̀nà, tó sì máa gba fóònù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ fún ẹni tó ń bọ̀, kó tó wọlé: "Ẹ ṣeun tí ẹ wá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé ní ṣókí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi wọ́n léèrè rẹ̀ mọ́, ẹ kàn bá wọn jókòó." Kí ẹni náà jẹ́ ẹni tójú rẹ̀ le díẹ̀. Ẹni tí kò lè sọ fún àgbà pé "ẹ dákun, ó tó" ò yẹ níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ ṣọ́ ẹnu

Ẹyin lohùn. "Ṣebí ẹ̀mí ò bọ́." "Tàwọn kan tiẹ̀ jù báyìí lọ." "Gbàgbé ẹ̀, ó ti kọjá." Ẹni tó ń sọ ọ́ fẹ́ tuni nínú, àmọ́ ohun tó ń dé etí ẹni tó ń gbọ́ ni pé ìrora òun ti ń sú àwọn èèyàn. Èyí tó burú jù ni "Kí lo tiẹ̀ lọ ṣe níbẹ̀ lálẹ́ yẹn?" Ó ti bi ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà àìmọye kí ẹ tó dé. Bí ẹ bá tún bi í, ẹ ti dájọ́ nìyẹn.

Kí wá ni kéèyàn sọ? Ohun díẹ̀. Ẹ wo ìyá kan àti ọ̀dọ́kùnrin tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀, tí wọ́n jọ jókòó:

"Ká ní mo ti tètè délé lọ́jọ́ yẹn."

"Ọ̀rọ̀ yẹn ò fi yín lọ́rùn sílẹ̀, Màmá."

"Ní gbogbo òru."

"Mò ń gbọ́ yín, mà. Mi ò kánjú lọ síbì kankan."

Kò fún ìyá náà nímọ̀ràn, kò ka ẹsẹ ìwé mímọ́ kankan sí i létí, kò sì sọ ìtàn àbúrò bàbá rẹ̀ tí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Ìgbàgbọ́ máa ń gbé ọ̀pọ̀ èèyàn ró, mi ò sì ní sọ pé kí ẹ má gbàdúrà. Àmọ́ ẹ jẹ́ kó jẹ́ ẹni tọ́rọ̀ kàn ló máa kọ́kọ́ mẹ́nu bà á.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ pín iṣẹ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀

"Bí ẹ bá nílò ohunkóhun, ẹ pè mí." Kò sẹ́ni tó ń pè. Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ti dàrú ò lè jókòó ṣírò ohun tó nílò, ká má tíì sọ ẹni tí yóò pè fún un.

Ẹ kó èèyàn márùn-ún tàbí mẹ́fà jọ, kí ẹ gbé bébà kan síwájú. Ta ló máa mú àwọn ọmọ lọ síléèwé lọ́jọ́ Ajé àti Ọjọ́rú? Ta ló máa bá a sùn lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tó jẹ́ pé alẹ́ ọjọ́ náà ni nǹkan ṣẹlẹ̀? Ta ló máa tẹ̀ lé e lọ sí ilé ẹjọ́, báńkì, ilé ìwòsàn? Ta ló máa pè é ní aago méje àárọ̀ lójoojúmọ́, bí kò bá tiẹ̀ jù ìṣẹ́jú méjì lọ? Lẹ́yìn náà, ẹ wá kọ ọjọ́ tí ètò náà máa parí síbẹ̀. Bí ẹ bá kọ ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ya bébà yẹn dànù. Oṣù mẹ́fà ló yẹ. Ó sàn kí èèyàn kan máa wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́fà ju kó sùn síbẹ̀ lọ́sẹ̀ kìíní kó sì pòórá.

Ẹ má gba gbogbo iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ o. Lọ́dún 2007, Stevan Hobfoll àtàwọn onímọ̀ mìíràn yẹ ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ wò, wọ́n sì kó ohun tó ń ran èèyàn lọ́wọ́ lẹ́yìn àjálù sábẹ́ orí márùn-ún: ààbò, ìfọ̀kànbalẹ̀, kéèyàn mọ̀ pé agbára òun ṣì ká nǹkan, kó ní àwọn èèyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó sì nírètí. Ìkẹta ni àwọn olùfẹ́ rẹ̀ máa ń bà jẹ́. Bó bá lè fọ abọ́ fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ kó fọ̀ ọ́. Bó bá fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́ fún wákàtí méjì lóòjọ́, ẹ bá a bẹ ọ̀gá rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 5: Nígbà tí ìpayà bá gbé e

Afẹ́fẹ́ gbá ilẹ̀kùn, ó dún gbàà. Ojú rẹ̀ lọ réré, àyà rẹ̀ ń já, kò dáhùn mọ́. Ara rẹ̀ wà níwájú yín, ọkàn rẹ̀ ti padà sọ́jọ́ náà. Ẹ má gbá a mú lójijì, ẹ má sì dúró sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ lọ síbi tó ti lè rí yín, kí ẹ pe orúkọ rẹ̀, kí ẹ sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́: "Èmi ni. Inú pálọ̀ la wà. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni. Ilẹ̀kùn ló dún, afẹ́fẹ́ ló gbá a." Ẹ ní kó tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀. Ẹ ní kó dárúkọ nǹkan márùn-ún tó ń rí, mẹ́rin tó lè fọwọ́ kàn, mẹ́ta tó ń gbọ́. Kó má rò pé ìdánwò ni. Bó bá dárúkọ méjì ó ti ṣe dáadáa. Bó bá ti ń gbọ́ yín, ẹ jọ mí: ẹ fa èémí sínú, kí ẹ ka 4, kí ẹ tú u jáde, kí ẹ ka 6. Èyí tó ń jáde ni kó gùn jù.

Ìgbà tí ara rẹ̀ bá wálẹ̀ tán ni kí ẹ tó bi í ohun tó fà á, kí ẹ jọ mọ̀ ọ́n fún ọjọ́ mìíràn. Àmọ́ ẹ má bá a sá fún gbogbo nǹkan. Bó bá ń bẹ̀rù títì kan tí kò séwu níbẹ̀ mọ́, tí ẹ sì ń gbé e gba ọ̀nà mìíràn lójoojúmọ́, ìbẹ̀rù yẹn á máa gbilẹ̀ ni. Ẹ jọ rìn débi tágbára rẹ̀ mọ lónìí, lọ́jọ́ mìíràn ẹ fi díẹ̀ kún un.

Ìgbésẹ̀ 6: Bí oṣù kan bá pé, ẹ jókòó wò ó dáadáa

Àlá burúkú, ẹkún, ìbínú òjijì, àìlè jẹun: láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, bí ara ṣe ń ṣe nìyẹn lẹ́yìn ohun tó bani lẹ́rù, kì í ṣe àìsàn ọpọlọ. Bí ó bá ti ju oṣù kan lọ, ẹ wo nǹkan mẹ́ta. Ṣé ìṣẹ̀lẹ̀ náà ṣì ń padà wá bíi pé ìsinsìnyí ló ń ṣẹlẹ̀? Ṣé ó ń yẹra fún ibi, èèyàn tàbí ọ̀rọ̀ tó lè rán an létí? Ṣé ó ń gbé bíi pé ewu ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn? Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wà, tí kò sì jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́ tàbí tọ́jú ilé, ó yẹ kó rí onímọ̀ ìlera ọpọlọ.

Ìtọ́jú tó múná dóko wà. Àwọn onímọ̀ máa ń lo ìtọ́jú tó ń tún èrò àti ìṣe ẹni ṣe lórí ìṣẹ̀lẹ̀ náà, tàbí EMDR, ìtọ́jú tí èèyàn ti máa ń gbé ojú lọ gbé ojú bọ̀ bó ṣe ń rántí ohun tó ṣẹlẹ̀, tí onímọ̀ nípa ọkàn kan, Francine Shapiro, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1987. Nínú méjèèjì, ẹni náà máa ń kojú ohun tó rántí, àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ni, lọ́dọ̀ ẹni tó mọ ìgbà tó yẹ kó dúró, ó sì máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ibi tó ti yàtọ̀ sí ti àlejò ẹnu ọ̀nà nìyẹn. Dókítà sì lè kọ oògùn ìsoríkọ́ bíi sertraline fún un. Oògùn ìfọ̀kànbalẹ̀ bíi diazepam ni kí ẹ ṣọ́ra fún: lọ́dún 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí wọ́n má fún ẹni tí ìdààmú ń bá láàárín oṣù kìíní lẹ́yìn irú ìṣẹ̀lẹ̀ yìí. Torí náà, ẹ má ṣe fún un ní èyí tó ṣẹ́ kù nínú oògùn yín. Ẹ máa fojú sí ọtí tó ń mu pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò gbọ́dọ̀ dúró de oṣù kan. Bó bá ń sọ pé kí ilẹ̀ la òun mì, tó ń pín ẹrù rẹ̀ fáwọn èèyàn, tàbí tí ó kàn ń kọ yín lóminú, ẹ bi í gbangba: "Ṣé ó ń wá sí yín lọ́kàn pé kí ẹ pa ara yín?" Bíbéèrè kì í fi èrò náà síni lọ́kàn, ìtura ló sábà máa ń jẹ́ pé ẹnì kan bi í. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ kó oògùn ẹfọ́n, oògùn kòkòrò, oògùn tó pọ̀ àti ohun ìjà kúrò nílé, kí ẹ sì mú un lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Ìgbésẹ̀ 7: Bí ẹni tó fara gbọgbẹ́ bá pọ̀, ẹ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀

Ìmọ̀ pé àwùjọ lè wo èèyàn sàn kì í ṣe tuntun. Lọ́dún 1954, dókítà ọpọlọ Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn aláìsàn ọpọlọ tó ń tọ́jú ní Aró, ní Abẹ́òkúta, wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká. Wọ́n ń gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, wọ́n sì ń gbé láàárín èèyàn. Ní Zimbabwe, láti ọdún 2006, dókítà ọpọlọ Dixon Chibanda kọ́ àwọn ìyá àgbà ní Mbare, ní Harare, láti máa jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta ilé ìwòsàn, kí wọ́n máa gbọ́ tẹnu àwọn tí ìrònú ń dà láàmú, kí wọ́n sì jọ yan ìṣòro kan tí wọ́n máa wá ojútùú sí. Nígbà tí wọ́n gbé àbájáde ìwádìí lórí rẹ̀ jáde lọ́dún 2016, ìdààmú ọkàn àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ti dín kù gan-an lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ju tàwọn tó gba ìtọ́jú ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìsoríkọ́ àti àníyàn ni ìwádìí yẹn dá lé, kì í ṣe PTSD, àmọ́ méjèèjì sábà máa ń wà lára ẹni kan náà.

Èyí tó yẹ kí ẹ wò bí ẹ bá fẹ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ni ti Rwanda. Lẹ́yìn ìpakúpa ọdún 1994, àwọn tó yè àti ẹbí àwọn tó pànìyàn ṣì ń gbé ládùúgbò kan náà. Lọ́dún 2005, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìjókòó kan ní Byumba: èèyàn 10 sí 15 láti àdúgbò kan, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 15, abẹ́ ìdarí àwọn ará ìlú tí wọ́n kọ́. Ẹ wo bí wọ́n ṣe to iṣẹ́ náà: ààbò ló ṣáájú, lẹ́yìn náà ìfọkàntán, ìtọ́jú ara ẹni, ọ̀wọ̀, ìlànà fún ìgbé ayé tuntun. Ìrántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ló kẹ́yìn. Ẹ má fi ìrántí bẹ̀rẹ̀.

Ẹ mú ibì kan àti aago kan tí kì í yí. Ẹ jọ fẹnu kò lórí òfin díẹ̀: ohun tí a sọ níbí ò gbọdọ̀ jáde, ẹni tí kò fẹ́ sọ̀rọ̀ lè dákẹ́, a kì í jiyàn lórí ẹkún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá tú àṣírí lẹ́ẹ̀kan, ẹ má jẹ́ kó padà wá.

Ìgbésẹ̀ 8: Bó bá jẹ́ àwọn èèyàn ló ń dá kún ọgbẹ́ náà

Àwùjọ tó ń wo ni sàn náà ló lè bani jẹ́: àwòrán tí wọ́n gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìgbàṣẹ, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn, ìdílé tó ní kí ọmọbìnrin dákẹ́ torí orúkọ ilé, àgbààgbà tó ní kó lọ dárí ji ẹni tó ṣe é kó tó di ọjọ́ Àìkú. Èmi ò gbà pé ìdáríjì tí wọ́n fi dandan gbà ń wo ohunkóhun sàn. Ẹni tó ṣẹ̀ ló máa ń tù lára. Bí ẹ bá lẹ́nu láàárín ẹbí, ibi tí ẹ ti máa lò ó nìyí. Ẹ ní kí wọ́n pa àwòrán náà rẹ́. Ẹ jókòó ti ọmọ náà nígbà tí àwọn yòókù bá ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Bó bá sì jẹ́ pé ẹni tó ṣe é láwọn èèyàn ń gbè lẹ́yìn, ẹ bá a wá ibòmíràn tó lè gbé fúngbà díẹ̀, kó má lọ jẹ́ pé inú ilé yẹn ni ẹ ń retí pé kó ti sàn.

Ìgbésẹ̀ 9: Ẹ̀yin náà ńkọ́?

Ẹni tó ń gbọ́ ìtàn bẹ́ẹ̀ lemọ́lemọ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í lá àlá tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìdí tí bébà Ìgbésẹ̀ 4 fi ní èèyàn márùn-ún nìyẹn. Bó bá ti ń sú yín tí ẹ ti ń kanra mọ́ ọn, ẹ fún ẹlòmíràn ní ọ̀sẹ̀ yín, kí ẹ lọ sùn.

Bí oṣù mẹ́fà bá pé, ẹ má gé e lójijì. Ẹ dín in kù sí ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, ẹ sì sọ fún un ṣáájú kó má rò pé òun ti ṣẹ̀ yín. Ẹ wá fi ọjọ́ tí ìṣẹ̀lẹ̀ náà máa pé ọdún kan sínú fóònù yín, kó rán yín létí ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, torí ọ̀sẹ̀ yẹn ni oorun sábà máa ń tún bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Ẹ pè é, kí ẹ bi í ibi tó fẹ́ wà lọ́jọ́ náà àti ẹni tó fẹ́ kó wà lọ́dọ̀ òun.